Ìyá Ìfọ́nká àti Iṣu Ìdána Mi

Kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí ẹni tí irun orí rẹ̀ ti funfun ṣì ní ìyá àgbà láyé. Èmi ní in. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, mo ti di ẹni tí àwọn àgbàlagbà mìíràn ń dìde fún kí wọ́n tó kí i, síbẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá wọ ilé wa ní Oǹdó ní àkókò oúnjẹ, ohùn kan máa ń ti yàrá ẹ̀yìn jáde wá: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti fọwọ́?"

Ohùn náà ti dákẹ́. A sin ín nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin àgbàdo, gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú náà ló sì jẹ́rìí pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Mo fi áńkáṣìfù bo ẹnu. Àwọn tó jókòó tì mí rò pé ẹkún ni, wọ́n ń pàrọwà fún mi. Ẹ̀rín ni. Ìyá àgbà mi ní inú rere, ó ní òtítọ́, ó ní ìfẹ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ kọ́ ni. Kí irọ́ ọmọlúàbí yẹn tó di ìtàn, ó yẹ kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Ó sì yẹ kí ó jẹ́ èmi, nítorí pé ìbéèrè kan tí kò lè ṣe kó má bi ènìyàn ni ó fún mi ní ìyàwó tí mo ní lónìí.

Tísà ìṣirò ni. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Oǹdó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n wá dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú, wọ́n ní kó wá máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn fún ìjọba bí a ti ń fi irè oko kan wé òmíràn. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, Àkúrẹ́ ló wà. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, yóò padà sí Oǹdó. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ìfọ́nká. Wọ́n rò pé kò mọ̀. Ó mọ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju orúkọ ìsàmì rẹ̀ lọ.

Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ayé ló máa ń béèrè pé èwo ló pọ̀ jù, èwo ló tóbi jù, èwo ló dára jù. Òun kì í béèrè ìyẹn. Bí ẹ bá kó ọ̀wọ́ nǹkan méjì síwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ àgbàdo, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé ìwé, ohun tó máa ń fẹ́ mọ̀ ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fọ́nká tó, àti bóyá ìfọ́nká méjèèjì dọ́gba. Mo ti gbọ́ àlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè kà á bí Sáàmù. "Ẹ wá àárín ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jìnnà sí àárín rẹ̀. Ẹ fi ìjìnnà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí èyí tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀ má baà pa ara wọn rẹ́. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí ẹ pín in, ẹ óò rí ìfọ́nká. Ẹ wá fi ìfọ́nká kékeré pín èyí tó tóbi. Bí èsì bá rọ̀gbà yí oókan ká, wọ́n dọ́gba. Bí ó bá lọ sókè ju ibi tí àkọsẹ̀bá lè gbé e dé, wọn ò dọ́gba, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àárín tan yín jẹ." Lẹ́yìn náà yóò wo ojú yín láti mọ̀ bóyá ó yé yín. Bí kò bá yé yín, yóò tún un sọ. Bí ó bá yé yín, yóò tún un sọ.

Ní ibùdókọ̀ Oǹdó, awakọ̀ méjì ló máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Sùnmọ́nù máa ń pẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í pẹ́. Gébúrẹ́lì, ní tirẹ̀, lè dé kí àkùkọ tó kọ, ó sì lè má dé mọ́. Mo wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí Gébúrẹ́lì sáré wá bá ìyá àgbà mi.

"Màmá, ọkọ̀ mi ti ṣí sílẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ jókòó níwájú."

"O ṣeun, ọmọ mi. Mò ń dúró de Sùnmọ́nù."

"Sùnmọ́nù tí kì í tètè dé? Màmá, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oòrùn ò tíì yọ tí mo ti gbéra."

"Mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn, táyà ló jò."

"Èyí tó tún ṣáájú ìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bímọ, Màmá."

"Ẹ kú ewu ọmọ. Mò ń dúró de Sùnmọ́nù."

Nígbà tí Sùnmọ́nù dé, ó ti pẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìyá àgbà mi wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí bí ẹni tí wọ́n san ẹ̀jẹ́ fún, ó ní: "Ẹni tó ń pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà kò pẹ́ rárá, ẹni tí kò tíì kọ́ ìwọ̀n rẹ̀ ló tètè jáde."

Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú àlùfáà ìjọ kò yàtọ̀. Wọ́n gbé àlùfáà tuntun wá sí ìjọ wa, ìwàásù rẹ̀ sì dùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò jókòó. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì yóò bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà Édẹ́nì, ebi yóò sì ti máa pa wá kí Nóà tó kan ọkọ̀. Àlùfáà wá kí i nílé, ó béèrè pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ bóyá ìwàásù òun ń gùn jù.

"Kò gùn, Alàgbà," ni ìyá àgbà mi wí. "Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in, kò gùn ju ti ẹni tó wà níbí kí ẹ tó dé."

Inú àlùfáà dùn. "Mo dúpẹ́, Màmá."

"Ẹ má tíì dúpẹ́. Ti ẹni ìṣáájú, mo mọ ìgbà tí mo lè gbé ẹ̀wà kaná kí n tó wá sí ìsìn. Tiyín, ìkòkò mi ti jóná."

Àlùfáà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ó ní Ẹ̀mí ni ó ń darí òun. Ìyá àgbà mi tú omi fún un, ó sì fèsì pé: "Ẹ bá mi bẹ Ẹ̀mí náà, kó ro ti ẹ̀wà mi."

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣu mi, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìbéèrè tó máa ń ṣáájú gbogbo ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní ilé méjì: àwa ti Oǹdó, àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Àkúrẹ́. Iyàn jíjà lórí ilé tó gbọ́n jù kò lópin. Ní àkókò ìsinmi kan ó gbé ìdánwò kalẹ̀ fún ilé méjèèjì, ó sì wọn àárín wa, ó wọn ìfọ́nká wa. Ohun gbogbo dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ tí ara fi fu ú. Ó tún àwọn ìwé náà yẹ̀ wò, ó rí i pé ọ̀kan náà ni àṣìṣe wa, àní nọ́ńbà kan náà ni a pa rẹ́ ní ìbéèrè kan náà. Ní ẹ̀yìn ilé ìdáná ni a ti ta ìdáhùn fún ara wa, a fi ẹ̀pà san án. Kò nà wá. Ó kó gbogbo ìwé náà fi dáná, ó ní: "Kí ẹ tó wọn ọ̀wọ́ méjì, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ti pàdé rí. Ọ̀wọ́ tó ti mọra wọn kò ṣeé fi wé ara wọn."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àṣà ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ méjì hàn án, yóò béèrè bóyá wọ́n ti pàdé rí.

Mo wá dàgbà, mo rí iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, mo sì rí Mojísọ́lá. Ọmọ Àkúrẹ́ ni. Bàbá rẹ̀ ní ilé nítòsí Ọjà Ọba, oko iṣu rẹ̀ sì wà ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, oko tí wọ́n ń tọ́ka sí fún àlejò. Bàbá náà kò fẹ́ràn mi, kò sì kórìíra mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo ọjà tí a kò tíì dá iye lé.

Nínú ìdílé wa, iṣu ìdána kì í ti ọjà wá. Olórí ẹbí ní láti wa á láti inú oko ara rẹ̀, kí àna lè mọ̀ pé ọwọ́ tó ń nà wá gba ọmọ wọn mọ iṣẹ́. Bàbá bàbá mi ti kú nígbà náà, nítorí náà àbúrò rẹ̀, Bàbá Akinbọ̀dé, ni olórí. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju oko lọ ni. Nígbà tó kó iṣu náà dé, gbogbo rẹ̀ ni a fi erùpẹ̀ pupa bò láti orí dé ìdí.

Ìyá àgbà mi yí i ká. Bí ó tilẹ̀ dàgbà ju Bàbá Akinbọ̀dé lọ, ìyàwó ilé ni, ọkọ ni ó sì ń pè é. "Ọkọ mi, ilẹ̀ oko yín mà pọ̀ lára iṣu yìí."

"Ìyàwó wa, iṣu tuntun ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wa gbogbo wọn."

"Ìbàdí tó ń dùn yín láti ọdún tó kọjá ńkọ́?"

"Ayọ̀ ìgbéyàwó ti wò ó sàn."

A kó iṣu lọ sí Àkúrẹ́. Bàbá Mojísọ́lá jáde sí ìta ilé, kò jókòó. Ó gbé iṣu kan sókè ní ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé òmíràn ní ọwọ́ òsì.

"Ẹ wo èyí. Agbo ilé kan lè jẹ ẹ́ yó. Ẹ wá wo èyí. Aláìsàn ò lè fi tọ́ ẹnu wò."

"Iṣu kì í dọ́gba, àna wa," ni Bàbá Akinbọ̀dé wí.

"Mi ò tíì di àna yín. Ẹrù ẹni ni ìwà ẹni. Ẹni tó gbé ńlá wá lónìí, tó gbé bíńtín wá lọ́la, bí yóò ti ṣe ọmọ mi nìyẹn. Tèmi wà nínú àká lẹ́yìn ilé mi. Ẹ ò lè rí irú èyí níbẹ̀. Ẹ kó o padà sí Oǹdó."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́."

"Ẹnu tèmi kọ́ ni, Bàbá Oǹdó. Iṣu yín ló ń sọ̀rọ̀."

Mojísọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ojú lé mi. Mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ tó gbé wa wá bá fi lè kó iṣu padà, èmi náà ni yóò kó padà, kò sì sí ohun tí yóò tún mú wa pàdé. Ìyá àgbà mi bá fa awò ojú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí gèlè.

"Bàbá, ẹ kò sọ pé iṣu wa kéré."

"Rárá. Bí a bá dà á pọ̀, ó tó nǹkan."

"Ẹ sọ pé ó fọ́nká ju tiyín lọ."

"Bó ṣe wù yín kí ẹ pè é."

"Ẹ jẹ́ ká wọ̀n wọ́n. Bí ìfọ́nká méjèèjì bá dọ́gba, ẹ óò gba iṣu, ẹ óò sì fún wa lọ́mọ. Bí tiwa bá fọ́nká jù lóòótọ́, a óò kó ẹrù wa, a ò ní bínú."

Bàbá Mojísọ́lá wo àká rẹ̀, ó wo iṣu wa, ó rẹ́rìn-ín. "Mo gbà."

Mo fa etí aṣọ ìyá àgbà mi. "Ìyá àgbà, ìyàwó mi ni ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́ yìí o."

"Kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ìṣirò ni. Lọ yá òṣùwọ̀n wá lọ́jà."

Ó ní kí àwọn obìnrin ilé kọ ẹ̀yìn sí àká, kí wọ́n sì na ọwọ́ sẹ́yìn mú ohun tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣa èyí tó wù ú. Kí a tó gbé àkọ́kọ́ kọ́, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé oko yín ni gbogbo èyí ti wá, tí kò tíì pàdé ti ẹlòmíràn rí?"

Bàbá Mojísọ́lá yí ọrùn iṣu kan sí i. Ilà wẹ́wẹ́ méjì wà níbẹ̀, tí a fi orí ọ̀bẹ ha. "Kò sí iṣu tó ń jáde ní oko mi láìní ilà yìí. Àwọn alájàpá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ a máa pe iṣu ẹlòmíràn ní tèmi."

"Ó dára," ni ó wí. Èmi ń gbé iṣu kọ́, mò ń pe ìwọ̀n. Òun ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ǹtì. A wọn tiwọn tán. A bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tiwa. A ti dé àárín nígbà tí iṣu kan yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó lu ilẹ̀, erùpẹ̀ pupa rẹ̀ sì ṣí kúrò ní ọrùn.

Ilà wẹ́wẹ́ méjì.

Èmi rí i. Ìyá àgbà mi náà rí i. Ó fi itọ́ ra àtàǹpàkò, ó nu ọrùn iṣu mìíràn. Ilà méjì. Ó gbé ojú sókè wo Bàbá Akinbọ̀dé, ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi àjà ilé onílé. Ọ̀rọ̀ náà yé mi kedere: ìbàdí rẹ̀ kò jẹ́ kó ro oko, ó lọ ra iṣu lọ́wọ́ alájàpá ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ó fi erùpẹ̀ pa á lára, ó sì kó iṣu Bàbá Mojísọ́lá padà wá fún Bàbá Mojísọ́lá. Bàbá Mojísọ́lá pẹ̀lú ti dúró lójú gbogbo ènìyàn, ó ti bú iṣu ara rẹ̀ pé kò níwà.

Ẹ wo ibi tí obìnrin yìí dúró sí. Bí ó bá tú àṣírí, àgbà méjì ni yóò di ẹlẹ́yà, ilé méjì yóò di ọ̀tá, èmi yóò sì di àpọ́n. Bí ó bá dákẹ́ tó sì kéde èsì, yóò ti dá ẹjọ́ lórí ọ̀wọ́ méjì tó ti mọra wọn, ohun tó fi sun ìwé àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ níná. Kò yára. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ṣe ìṣirò náà dópin, ó tẹjú mọ́ èsì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi etí ìró nu gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó dìde.

"Mi ò lè dá ẹjọ́ yìí."

"Kí ló dé?" Bàbá Mojísọ́lá ti ń yọ̀. "Ṣé èsì náà korò ni?"

"Ọ̀wọ́ tí kò tíì pàdé rí nìkan ni mo lè wọ̀n. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì síra wọn." Ó gbé iṣu tó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé Bàbá Mojísọ́lá lọ́wọ́, ọrùn rẹ̀ sókè. "Bàbá, wọ́n ti di àna kí àwa tó dé."

Bàbá Mojísọ́lá wo ọrùn iṣu. Ó fi àtàǹpàkò nù ún. Ó wo Bàbá Akinbọ̀dé, ó wo òkìtì iṣu tó bú láàárọ̀, ó sì tún wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn tó kù kò mọ ohun tó ń lọ. Wọ́n rò pé ó ń gbàdúrà.

"Ìyá," ni ó wí níkẹyìn, "ṣé àna ni ẹ pè wọ́n?"

"Àna ni."

"A jẹ́ pé kò sí ohun tí mo tún lè sọ sí i." Ó yíjú sí àwọn ìyàwó ilé. "Ẹ mú nínú òkìtì méjèèjì, kí ẹ gún un pọ̀ nínú odó kan."

Nígbà tí a jókòó sídìí iyán, ó súnmọ́ Bàbá Akinbọ̀dé, ó rọra béèrè pé: "Àna mi, èló ni wọ́n tà á fún yín?"

"Ó wọ́n," ni Bàbá Akinbọ̀dé dáhùn. "Wọ́n ní oko olórúkọ ni."

Láti ìgbà náà, ìyá àgbà mi kò sọ èsì ìṣirò yẹn fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í títí ó fi sú mi. Ní ọdún tó kọjá, tí kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí àga rẹ̀ ní Oǹdó mọ́, mo tún bi í. Bàbá Akinbọ̀dé ti lọ, Bàbá Mojísọ́lá ti lọ. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tún lè ta bá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọn ò dọ́gba. Tiwa fọ́nká kọjá ibi tí àkọsẹ̀bá lè dé. Àna rẹ ti ṣa èyí tó dọ́gba sínú àká rẹ̀. Ìṣẹ́kù ló tà fún alájàpá."

"Bàbá Mojísọ́lá jàre nígbà náà."

"Ó jàre. Iṣu ara rẹ̀ ló bú, ṣùgbọ́n ó jàre."

"Bí kò bá sí ilà ọ̀bẹ yẹn ńkọ́, Ìyá àgbà?"

Mojísọ́lá ti ń gbé iyán bọ̀ láti ilé ìdáná. Ìyá àgbà mi wò ó bí ó ti ń bọ̀, ó sì yí ojú padà sí mi, èmi arúgbó aláwò ojú, láìsí àánú kankan.

"Èmi ì bá kéde ohun tí mo rí. Ìwọ ì bá sì máa wá ìyàwó kiri Ìgbàrà-Òkè títí di òní. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti fọwọ́?"